Ihò Ìṣó Kan

Ọdún mẹ́tàdínlógún la fi gbé Leeds
nínú ilé bíríkì tó ń jẹ owó bí ẹni jẹ ẹ̀pà.
A ó tan hítà, ooru yóò gba abẹ́ ilẹ̀kùn yọ́ jáde,
yóò bá tirẹ̀ lọ bí àlejò tí kò dágbére.
Àṣàbí a máa wọ ẹ̀wù òtútù sùn.
Èmi a máa wo ìwé owó gáàsì
bí ẹni tí wọ́n ní kó san gbèsè bàbá ẹlòmíràn.

Ìdí nìyẹn tí a fi ra ilẹ̀ yìí,
ààbọ̀ éékà lẹ́yìn Ludlow, lórí òkè
tí àgùntàn ti pọ̀ ju ènìyàn lọ.
Ọdún méjì ni káńsù fi ní kí a dúró:
wọ́n ní àdán ń sùn nínú igi óákù,
wọ́n ní òrùlé wa kò gbọdọ̀ yọ sókè ju ti ṣọ́ọ̀ṣì.
A dúró.
Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta, ṣé ó ń wo ẹnu àáké?

Gethin, ọmọ Wales, ló bá wa gbẹ́ ìpìlẹ̀.
Kò da kọnkéré lé ilẹ̀ lásán;
ó kọ́kọ́ tẹ́ fóòmù tó ga tó orúnkún ọmọ ọdún márùn-ún,
"kí ẹsẹ̀ ilé má baà tutù."
Mo ní, àṣé bàtà là ń wọ̀ fún un.
Ògiri jẹ́ pákó, inú rẹ̀ jẹ́ irun àgùntàn Ìyá Prosser tó wà nísàlẹ̀ òkè,
tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n fi oògùn kòkòrò sí.
Fèrèsé onígíláàsì mẹ́ta kọjú sí gúúsù,
kí oòrùn tó ṣọ̀wọ́n má baà kọjá láìkí wa.
Ní àríwá, ihò kékeré méjì péré,
bí ojú ẹni tó ń fura.

Bàbá mi, Ọláòṣebìkan ará Ìgbájọ,
fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ po amọ̀ ilé tí wọ́n bí mi sí.
Fèrèsé kọjú sí fèrèsé:
kí afẹ́fẹ́ wọlé níbí, kó jáde lọ́hùn-ún.
A máa ní, "Ilé tí kò bá mí, àpótí ni."
Ooru lọ̀tá tirẹ̀. Òtútù lọ̀tá tèmi.
Ilé rẹ̀ náà ni mò ń kọ́,
mo kàn yí inú rẹ̀ síta bí ẹ̀wù ni.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Wọ́n fi fáànù ńlá dí ẹnu ọ̀nà,
ó ń fa èémí ilé jáde,
kí a lè mọ ibi tí atẹ́gùn ń gbà jalè.
Nọ́ńbà ju èyí tí a fẹ́ lọ, díẹ̀ báyìí.
Gethin tan igi èéfín, ó ń gbé e lọ lẹ́bàá ògiri;
Àṣàbí fi omi pa ẹ̀yìn ọwọ́, òun náà ń wá.
Wọ́n dé ìdí fọ́tò Bàbá ní pálọ̀.
Èéfín tó ń gòkè jẹ́ẹ́jẹ́ ṣàdédé fì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Gethin wò mí. Mo wo ilẹ̀.
Ta ló kan ìṣó mọ́ ògiri tí wọ́n ní kí a má fọwọ́ kàn?
Èmi ni, lálẹ́ Sátidé.
A yọ ìṣó. Afẹ́fẹ́ òkè súfèé láti ẹ̀yìn Bàbá,
mo bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Àṣàbí nìkan ló mọ̀ pé ẹ̀rín kọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Tépù kékeré kan, ilé yege.
A gbé Bàbá lọ sí ògiri àárín
tí kò bá ìta pààlà.

Oṣù kejì nìyí, ìrì dídì funfun lórí pápá.
Ẹ̀rọ kan lókè àjà ń mú afẹ́fẹ́ tuntun wọlé,
ó ń ní kí èyí tó ń jáde bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ sílẹ̀ fún un.
Bàbá, ó ń mí o.
Àṣàbí wọ bùbá nìkan, láìwọ bàtà, ó ń gé àlùbọ́sà.
Lóde, ọ̀kan nínú àgùntàn Ìyá Prosser ń wúkọ́.
Irun rẹ̀ ti èṣí wà nínú ògiri.
Mo fẹ̀yìn tì í.